Agbòòrùn Tí Mo Ṣí fún Yuwei

                                        Ilé Kẹrìnlá, Àjà Kẹfà,
                                        Òpópónà Etí Odò,
                                        Ṣáńgháì.
                                        22 Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Suqin, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti gbà kó máa gun àtẹ̀gùn ilé yín? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le koko. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti wà lọ́dọ̀ Yuwei ọmọ mi, mo sì ti rin ọgbà ìgbafẹ́ márùn-ún nílùú yìí. Bó bá ti lọ síbi iṣẹ́, èmi náà á wọ bàtà, ó di ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó ẹgbẹ́ mi. Ọ̀kan ń fi búrọ́ṣì gígùn àti omi kọ̀wé sórí ilẹ̀, òmíràn gbé àgò ẹyẹ rẹ̀ kọ́ igi. Wọ́n tiẹ̀ fà mí wọnú ijó.

Má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. O rántí pé mo búra fún Yuwei pé n kò ní dárúkọ ọkọ mọ́. Ó ní bí òun bá tún gbọ́ ọ lẹ́nu mi, òun kò ní wálé fún ọdún tuntun. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni! Ní Sátidé, mo dé ọgbà tí àwọn òbí ti ń wá ọkọ tàbí aya fún ọmọ wọn, tí wọ́n ń ṣí agbòòrùn sílẹ̀, tí wọ́n ń lẹ ìwé mọ́ ọn: ọjọ́ orí ọmọ, gíga rẹ̀, owó oṣù rẹ̀. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo ra agbòòrùn pupa kan, mo kọ ti Yuwei, mo jókòó tì í.

Ìyá kan ka ìwé mi, ó pòṣé. Ó ní, “Nínú ọdún ẹranko méjèèjìlá, ọdún àgùntàn ni wọ́n bí i? Háà! Obìnrin ọdún àgùntàn kì í lórí ire o.”

Mo ní, “Ti yín tí wọ́n bí lọ́dún ẹkùn, tó ṣì wà lábẹ́ agbòòrùn, ẹran wo ló ti pa?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá Qiu, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, ló jókòó tì mí. Ó ní, “Ará Zigong, ìlú ata, ni yín, ìyá Yuwei. Ṣé ọmọ yín ń jẹ ata? Bí ata bá kan ahọ́n ọmọkùnrin tèmi, ẹkún ni.”

Mo gbéra ga, mo ní, “Yuwei kẹ̀? Bí ẹlòmíràn ṣe ń jẹ ẹ̀pà ló ṣe ń jẹ ata!”

Nírọ̀lẹ́, mo se ẹja aláta bí mo ṣe ń se é láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ wo bí Yuwei ṣe ń jẹun. Gbogbo òkèlè ẹja ló ń rì bọ omi gbígbóná kó tó fi sẹ́nu, síbẹ̀ ó ń làágùn. Mo bi í títí. Ó ní egbò wà nínú ikùn òun láti ọdún tó kọjá, dókítà sì ti ní kí òun má fẹnu kan ata. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò nílé ìwòsàn, kò sẹ́nì kankan lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi.

Ó ní, “Màámi, bí mo bá sọ, ẹ máa ní torí pé n kò lọ́kọ ni.”

Suqin, ohun tí mi ò bá sọ gan-an nìyẹn. Ojú tì mí, mo sunkún. Èmi tí mo kọ gíga ọmọ mi sórí agbòòrùn fún àlejò kà, n kò mọ ohun tó ń ṣe é nínú. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ní í wò. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé yóò lé mi padà sílé ni, àfi bó ṣe bi mí pé èló ni mo kọ pé òun ń gbà. Mo sọ ọ́. Ó ní mo ti dín òun kù, ó wá gbé orí lé mi léjìká.

Lánàá, mo se ògì ìrẹsì fún un, mo sì lọ bá Bàbá Qiu, mo ní irọ́ ni mo pa, Yuwei kò gbọdọ̀ jẹ ata. Inú baba dùn! Ó ní ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i, ó wá bi mí pé ta ló wá sọ fún mi pé ó ń jẹ ẹ́.

Mo ní, “Ó ń jẹ ẹ́, bàbá. Nítorí tèmi ló ṣe ń jẹ ẹ́.”

Má tíì retí mi lọ́jọ́ tí mo dá. Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ata gbígbẹ tó o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wa, ẹ máa jẹ ẹ́ níbẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Suzhen