Ìdá Mẹ́rin Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Jà Fún

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó yín àtàwọn ọmọ wà? Orúnkún Màmá ti ń san díẹ̀díẹ̀. Àbúrò wa télọ̀ ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun, ariwo rẹ̀ ò jẹ́ ká sinmi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ ránṣẹ́ yìí? Yàrá méjìlá ni Bàbá fi sílẹ̀ fún àwa ọmọ mẹ́ta. A ní kí kálukú gba ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ yarí! Ẹ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ló tọ́ sí àkọ́bí, torí mẹ́rin ju mẹ́ta lọ. Ẹ̀yin káfíńtà, tí ẹ ń fi ìwọ̀n jẹun! Tá a bá pín yàrá méjìlá sọ́nà mẹ́ta, mẹ́rin ló kàn yín. Tá a bá pín in sọ́nà mẹ́rin, mẹ́ta péré ni. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mò ń kọ́ níléèwé ò jẹ́ ṣi èyí.

Mo ṣàlàyé títí, Màmá ní, “Ẹ má bá àkọ́bí mi jiyàn. Ohun tó bá ní òun fẹ́ ni kẹ́ ẹ fún un.”

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, á sì là yín lójú. Ẹ tètè fèsì o, télọ̀ ti ń kun yàrá kẹrin yín lọ́dà.

Àbúrò yín, tíṣà.