Mo Ti Ṣe Onídùúró fún Káfíńtà Inú Ìwé Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń rí oorun sùn, ṣé o ń jẹun lásìkò? Ara èmi àti ìyá rẹ le, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ aburú nípa rẹ. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí obìnrin inú fóònù yìí ò jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti pè ọ́, òun ló máa ń dáhùn, á ní owó mi ò tó. Mo bi í pé ta ló sọ fún un, ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Bá mi bá a wí.

Ìwé tí o kọ ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tó ń gbé ilé kejì sí wa, ló ń kà á fún wa lọ́sọ̀ọ̀sán. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ káfíńtà inú rẹ̀ ti gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Wọ́n ní ó pa onílé rẹ̀, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, bẹ́ẹ̀ àbúrò onílé ló bu májèlé sínú tíì! Etí ara wa báyìí ni gbogbo wa fi gbọ́ ọ. Ìyá rẹ sunkún títí, ó ní ta ni yóò máa tọ́jú ìyàwó ọkùnrin náà.

Ni mo bá wọ aṣọ ìmúròde mi, ó di kóòtù. Mo sọ fún akọ̀wé pé mo wá jẹ́rìí. Ó bèèrè nọ́ńbà ẹjọ́, mo ní ojú ìwé kẹrìnlélọ́gọ́rin. Ó ní ta ni olùjẹ́jọ́, mo ní káfíńtà kan ni, ó ga, ó ń tiro. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di tábìlì mú. N ò bínú. Ẹni tí wọn ò tì mọ́lé ló ń rẹ́rìn-ín.

Adájọ́ kan, obìnrin, ló gbọ́ ariwo, ó sì jáde sí wa. Ó mú mi wọ yàrá rẹ̀, ó fún mi lómi, ó fara balẹ̀ gbọ́ mi dópin. Ó ní bàbá, ìtàn ni, ẹnikẹ́ni ò kú. Mo ní ṣé èèyàn á wá máa sunkún nítorí ẹni tí kò sí? Ó bi mí pé ta ló kọ ìwé náà.

Ọmọ mi, láti ọdún méjì tí o ti fi iṣẹ́ lọ́yà sílẹ̀ ni mo ti ń parọ́ fáwọn èèyàn pé o ṣì ń lọ sí kóòtù. Ojú ló ń tì mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo dìde dúró, mo ní ọmọ mi ni, òǹkọ̀wé ni.

Àfi bí adájọ́ ṣe ki ọwọ́ bọ báàgì tó fa irú ìwé kan náà yọ! Ó ní òun ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé fáìlì ẹjọ́ náà ti dọ́wọ́ rẹ̀. Ó na bírò sí mi, ó ní bí òǹkọ̀wé ò bá sí nítòsí, kí bàbá rẹ̀ bá òun fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i gàdàgbà, mo kọ àdírẹ́sì ilé wa sábẹ́ rẹ̀. Èmi ni onídùúró káfíńtà báyìí, nítorí náà, jọ̀ọ́, sọ fún un kó má sá.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ ká lè wá wò ọ́. Ìyá rẹ ní kí o fi owó bàtà kún un. Má fi sí báńkì o, ẹ̀rọ ara ògiri yẹn gbé káàdì mi mì lóṣù tó kọjá, kò tíì pọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ tí o wá sọ fún wa pé o ti fi iṣẹ́ lọ́yà sílẹ̀, tí mo ní o ti da owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ sómi, mo kó o jẹ. Kálámù rẹ ò ní gbẹ. Ẹnu tí wọ́n fi bú ọ, òun náà ni wọn yóò fi máa kà ọ́.

Èmi ni,
Bàbá òǹkọ̀wé