Ìgò Àgbo Tí Àwọn Sìníọ̀ Mu

Dámiláre ọkọ mi,

Èmi ìyá rẹ àgbà ni. Ìbídùnní ló ń bá mi kọ ọ́, tísà tó ti fẹ̀yìn tì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa níbí ní Ọ̀dà. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́. Ó ní tí òun bá kọ ọ́ tán, òun máa ya ìwé náà ní fọ́tò, fọ́tò náà á sì wọ inú fóònù báábà tó yá ọ ní fóònù láàárọ̀. Sọ fún báábà kó nu fóònù rẹ̀ dáadáa kó tó gbà á, kí irun orí àwọn ṣọ́jà má baà lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ mi.

Ṣé àlàáfíà ni? Mo mọ̀ pé kì í ṣe àlàáfíà, o sunkún sí mi létí láàárọ̀, ṣùgbọ́n a kì í wọ ilé onílé láìkí i. Ọlọ́run á dá ọ sí, á sì wá iṣẹ́ mìíràn fún àwọn tó ń fìyà jẹ ọ́. Ará ilé wà. Ewúrẹ́ dúdú ti bí, akọ kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ a sì máa dúró gbagidi lójú kan bíi tìrẹ nínú fọ́tò tí ìyá rẹ gbé kọ́ ògiri, èèyàn ò mọ ohun tó ń wò.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àgbo. Ìwọ lo pè mí lóṣù tó kọjá pé jẹ̀díjẹ̀dí fẹ́ pa ọ́ níbi ẹ̀kọ́ ọ̀gá ṣọ́jà tí o lọ kọ́ lókè Ọya. Kò yà mí lẹ́nu, ṣúgà ni ẹ ń mu láràárọ̀. Mo se ewé àsúnwọ̀n tó ń fọ inú nínú omi ògì kíkan, mo rọ ọ́ sínú ìgò wáìnì tí wọ́n fún mi níbi ìkórè ní Oǹdó, torí ìdérí rẹ̀ le dáadáa. Mi ò bó pépà ara rẹ̀ kúrò, àwòrán èso tó wà níbẹ̀ dára lójú mi. Mo kó o fún Silas tó ń wakọ̀ láti gáréèjì Àkúrẹ́, pẹ̀lú gààrí àti ẹja gbígbẹ, mo ní kó sọ fún ọ pé ife kékeré kan ló tó lóòjọ́, kí o má sì jìnnà sí ṣáláńgá. Ó sọ fún ọ.

Àṣé àwọn sìníọ̀ yín a máa tú ẹrù ẹlẹ́rù. Mẹ́rin nínú wọn rí ìgò, wọ́n ní wáìnì ni, wọ́n ní ìwọ ò gbọdọ̀ mu ọtí, wọ́n wá bá ọ mu ún tán. Mo bi ọ́ pé ṣé kò korò lẹ́nu wọn ni, o ní wọ́n ní wáìnì olówó ńlá máa ń rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, tí gbogbo yín tò lọ bí igi ọgbà níwájú ọ̀gá ńlá kan, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ìlà sílẹ̀ láìgba àṣẹ. Ìbídùnní rẹ́rìn-ín débi tí bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí wọ́n ní o fún wọn ní májèlé, wọ́n fẹ́ jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ lórí lọ́jọ́bọ̀, wọ́n sì lè lé ọ wálé.

Ohun tó bí mi nínú ni pé nígbà tí wọ́n bi ọ́, o ní o ò mọ ohun tó wà nínú ìgò, nítorí pé ojú ń tì ọ́ láti pe jẹ̀díjẹ̀dí níwájú àwọn obìnrin tí ẹ jọ ń kọ́ṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àyà wọ́ nínú ẹrọ̀fọ̀ nígbà tí ẹ lẹ́sẹ̀ méjì, tí ẹ ń gbẹ́ kòtò tí ẹ ò gbin nǹkan kan sí i, tí ẹ ń yan láti àárọ̀ tí ẹ ò sì dé ibì kankan, ìdí tó ń dùn ọ́ ló wá ń tì ọ́ lójú?

Lọ́jọ́bọ̀, dúró níwájú wọn, kí o sọ pé, "Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí mi ni. Ìyá mi àgbà ló sè é. Èmi kọ́ ni mo gbé e fún wọn." Kí o sì dákẹ́. Bí wọ́n bá ní irọ́ ni, màá se òmíràn, kí wọ́n bu ife kan fún mi, màá mu ún lójú wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣáláńgá hàn mí.

Ó ku owó. Àgbo tí a ò sanwó rẹ̀ kì í jẹ́ bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tí èyí ò fi mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá nǹkan jọ fún Silas kó gbé e wá fún mi, bó ti wù kó kéré. Ìwọ náà fi díẹ̀ lé e, mo fẹ́ se òmíràn, màá bó pépà ìgò lọ́tẹ̀ yìí. Orúkọ rẹ ni Olúwadámiláre. Olúwa á dá ọ láre, ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá la ẹnu. Bí wọ́n bá sì lé ọ, ọkọ́ rẹ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò bínú sí ọ.

Má tíì sọ fún Agnes ìyá rẹ. Tó bá gbọ́ ní Ìjàpọ̀, gbogbo àdúgbò ló máa kó sínú ààwẹ̀. Èmi ni màá sọ fún un lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ni sìníọ̀ tí o ní ó mu ún jù, tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí dókítà ń wá májèlé nínú rẹ̀. Olè ni, ṣùgbọ́n wọ́n bí i. Sọ fún òun àti dókítà pé àsúnwọ̀n ni, kí wọ́n fún un ní ògì olómi, kí wọ́n má fi ṣúgà sí i. Má dúró de Ọjọ́bọ̀. Lọ nísinsìnyí, kí o sì sáré, má yan.