Ikọ́ Tó Gba Inú Fóònù Wọlé

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ọlọ́run tó mú ọ jáde nílé wa kò ní jẹ́ kí àìsàn fi ara rẹ ṣe ibùgbé, àmín. Bí o bá béèrè wa, à ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu.

Ọ̀fìnkìn ti wọ àdúgbò. Ikọ́ ni àwọn èèyàn fi ń kí ara wọn láàárọ̀ báyìí. Nílé wa, ìyá rẹ ló mú. Èmi ni mò ń se oúnjẹ, èmi ni mò ń fọ aṣọ, èmi náà ni mo tún ń jókòó ti maṣíìnì ìránṣọ mi, débi pé mo rán apá ẹ̀wù bíríkìlà tó múlé tì wá mọ́ ibi ọrùn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó wò mí lójú, ó ní kí n lọ sùn.

Mi ò bá ọ jà o, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ikọ́ náà gbà wọlé. Lọ́jọ́ tí o pè wá lórí fóònù olójú tí o rà fún wa, ìyá rẹ gbé e sún mọ́ ojú kó lè rí ọ dáadáa, ni o bá húkọ́ sí i lójú. Ojú mi ló ṣe. Kò pẹ́ sígbà náà tí ọ̀fun fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Nọ́ọ̀sì wá wò ó. Ó ní kí n ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn máa wọlé, kí ìyá rẹ sinmi, kó máa mu omi dáadáa, kó máa fi ìgúnpá bo ẹnu tó bá ń húkọ́, kí èmi má sì sùn sún mọ́ ọn. Mo fi téèpù ìránṣọ wọn àárín ẹní mi àti ibùsùn rẹ̀. Kápúsù tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ bíríkìlà tí mo fẹ́ fún un lò, nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní irú òògùn bẹ́ẹ̀ kì í wo ọ̀fìnkìn, ṣùgbọ́n bí èémí rẹ̀ bá ń yára tàbí tí àyà rẹ̀ ń wọnú, kí n gbé e wá kíá. Láti ìgbà náà ni mò ń ṣọ́ àyà ìyá rẹ, bó ṣe ń lọ sókè sódò.

Ó tún ní ká máa lo ìbòmú. Mo rán ti ìyá rẹ, mo rán tèmi, mo rán kékeré kan fún fóònù. Nígbà tí ikọ́ kò lọ, mo rántí pé wọ́n ní ká fi ọṣẹ fọ ohunkóhun tí ikọ́ bá kàn. Mo bọ́ ìbòmú lẹ́nu fóònù, mo rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, mo ṣàn án, mo sá a. Láti ọjọ́ náà kò sọ̀rọ̀, kò lajú. Ó jọ pé àìsàn náà mú òun pàápàá, mo sì ń jẹ́ kó sinmi.

Ara ìyá rẹ ti ń yá, nọ́ọ̀sì náà sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù ni pé kò jẹun. Ó ní ikọ́ lòun gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ, òun ò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́, ó ní àfi kó jẹ́ pé à ń fi nǹkan pa mọ́ fún òun. Mo ní fóònù ló ń ṣàìsàn, ó kọjú sí ògiri. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù sì ti ń ba èmi náà. Inú fóònù yẹn ni nọ́ńbà rẹ wà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sórí nínú wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ìwé yìí rán awakọ̀ tó mọ ibi iṣẹ́ rẹ. Mo ti sá ìwé náà sóòrùn kí n tó dì í, kó má baà gbé ikọ́ wa padà wá bá ọ.

Nọ́ńbà bíríkìlà wà lẹ́yìn ìwé, òun ni kí o fi pè wá. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ ká ra oyin àti ọṣẹ, kí n sì rí nǹkan fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe, kó bá wa tọ́jú tiwa. Bí kò bá sí, má lọ yá. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ, òtútù ò ní ráyè gbé inú àyà rẹ.

Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé kí ikọ́ rẹ lọ pátápátá kí o tó pè wá. Ìyá rẹ bọ́ ìbòmú, ó ní kí n má kọ ọ́. Ó ní òun gbà kí ikọ́ náà tún mú òun, kí òun ṣáà ti gbọ́ ohùn rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.