Ọ̀rẹ́ Mi Kan Ló Ń Ṣe, Kì Í Ṣe Èmi

Ilé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìfọṣọ.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Ẹlẹ́rìn-ín mi, ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn báyìí? Àwọn ọmọ ńkọ́, àtèyí tó wà nílé ọkọ, àtèyí tó ní òun ò tíì rí ẹni tó wu òun? Ara tiwa náà le, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo kọ̀wé sí ọ, ṣùgbọ́n má tíì bínú nítorí ìyẹn. Fi ìbínú rẹ pamọ́, torí ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti fi ọ́ purọ́.

Ọ̀rọ̀ àbígbẹ̀yìn mi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. O mọ bí ọmọ yẹn ṣe ń kó mi lọ́kàn sókè: ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, iṣẹ́ mẹ́ta láàárín ọdún méjì! Ó tún ti rí òmíràn. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ọṣẹ àti ìpara tí obìnrin ń lò sí ojú ara ló ń rán an kiri pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Kí lẹ̀ ń lò? Kí ló wù yín nínú ẹ̀? Ta lẹ máa ń sọ fún bí nǹkan bá ń ṣe yín níbẹ̀? Kẹ́tùlù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nígbà tó sọ fún mi. Mo ní ṣé torí kó lè máa bi ìyàwó oníyàwó ní ohun tó wà nínú pátá ni mo ṣe rán an níwèé? Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, ṣé ẹ̀yin ò ní in ni?”

Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ò fún òun ní wàhálà rárá. Ìgò tó ní àwọ̀ ni wọ́n ń fẹ́, ọṣẹ tó ń ta sánsán bí òdòdó, àti bébà tútù ìnura tó máa wọ àpò. Àwọn ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ní ohun tí kò bá ti yún àwọn, tí kò sì gba àkókò, ó ti tó. Ọ̀kan ní òun kì í lò ó pàápàá, torí kí òun lè tilẹ̀kùn balùwẹ̀ sinmi lọ́wọ́ àwọn ọmọ lòun ṣe ń rà á. Ṣùgbọ́n àwa tá a ti lé láàádọ́ta ọdún! Èèyàn méjìlá ló nílò, kò rí ẹyọ kan. Gbogbo wọn ní kó lọ kí ìyá ẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ sì ti ní tí kò bá pé nírọ̀lẹ́ Friday, kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fẹ́lòmíì. O mọ̀ mí. Ohun tí mo ní ó tì mí lójú, èmi náà ni mo tún gbé e rù. Mo gba fọ́ọ̀mù lọ sí ilé ìfọṣọ wa, níbi tá a ti ń fọṣọ fún hòtẹ́ẹ̀lì.

Nígbà ìsinmi, mo jókòó ti tábìlì ìlọṣọ. Ìyá Oníáyọ́ọ̀nù, ẹni tí kò bẹ̀rù máníjà, ló kọ́kọ́ doríkodò. Ó ká àpò ìrọ̀rí kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹrin. “Èmi kọ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan ni. Omi gbígbóná àti iyọ̀ ló ń lò.” Agbaṣọ ní ọ̀rẹ́ tòun ń fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ inú ibẹ̀ kó lè mọ́. Oníbọ́tìnnì ní ọ̀rẹ́ òun ò lo nǹkan kan, pé látìgbà tí nǹkan oṣù ti dúró, ó gbà pé ibẹ̀ náà ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rín pa wá débi tí máníjà fi kan ilẹ̀kùn. Àwa tá à ń fojú aṣọ ìbùsùn mọ ohun tó ń ṣe gbogbo àlejò hòtẹ́ẹ̀lì! Obìnrin mọ́kànlá, ọ̀rẹ́ mọ́kànlá.

Nígbà tí mo délé, ọmọ mi kà á, ó ní, “Ó ku ẹyọ kan. Màmá, ẹ̀yin ńkọ́?”

Mo la ẹnu, mo ní, “Ọ̀rẹ́ mi kan...”

“Èwo nínú wọn?”

“Ẹlẹ́rìn-ín ni.”

Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Mo ní ibẹ̀ ti gbẹ fún ọ, ó sì ń yún ọ, pé o ra ọṣẹ olóòórùn dídùn kan tí o fi ń fọ inú ẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, síbẹ̀ ńṣe ló ń le sí i. Mo wá ní nǹkan oṣù rẹ ti dúró láti ọdún méje, ṣùgbọ́n o rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lára pátá rẹ lóṣù tó kọjá. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnì kankan rí, títí kan ọkọ mi. Mo ti ń fọkàn pín aṣọ inú àpótí mi fáwọn ọmọ.

Ọmọ náà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ sọ fún Àǹtí Ẹlẹ́rìn-ín pé ẹni tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dúró kì í rí ẹ̀jẹ̀ kó dákẹ́. Kí wọ́n lọ rí dókítà lọ́la.” Mo ní o ń bẹ̀rù ilé ìwòsàn. Ó mi orí.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mi ò tíì wọ bàtà tán tó fi dúró lẹ́nu ọ̀nà, gèlè mi wà lọ́wọ́ ẹ̀. “Àǹtí Ẹlẹ́rìn-ín, ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ.”

Ọmọ tí mo ń tìtorí ẹ̀ pàdánù oorun ló di ọwọ́ mi mú lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, bí mo ṣe di tiẹ̀ mú ní kékeré nígbà tí wọ́n fẹ́ fún un lábẹ́rẹ́. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n sì gba nǹkan lára mi lọ yẹ̀ wò. Ọjọ́ mẹ́jọ la fi retí èsì. Kò sí nǹkan burúkú, Ẹlẹ́rìn-ín! Dókítà ní awọ ibẹ̀ ló fẹ́lẹ́ torí ọjọ́ orí, ọṣẹ olóòórùn yẹn sì tún ń bó o. Ó ní inú ibẹ̀ ń fọ ara ẹ̀, omi lásán sì tó fún ìta. Ó fún mi ní ìpara, ara sì ti tù mí. Ọṣẹ yẹn ni mo fi ń fọ ilẹ̀ balùwẹ̀, ó ń ta sánsán.

Mo padà sí tábìlì ìlọṣọ, mo ní, “Èmi ni o, kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi.” Ìyá Oníáyọ́ọ̀nù gbé áyọ́ọ̀nù nàró, ó ní, “Èmi náà ni.”

Iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi. Wọ́n tiẹ̀ ti rán an sí apá ọ̀dọ̀ yín, á dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Jọ̀ọ́, rí i pé ó ń jẹun, ó ti rù. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti gbogbo ilé. Tó bá sì mú fọ́ọ̀mù ẹ̀ jáde, má sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ kan ni o. Ọ̀rẹ́ rẹ ti gba ìtọ́jú. Ó ku ìwọ.

Èmi ni, ẹni tó yá orúkọ rẹ lò tó sì ti dá a padà,

Aláròyé