Òògùn Dísẹ̀lì Wà Nínú Ewúrẹ́ Akínfẹ́nwá

Kùdírátù Àjọkẹ́, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Ìkẹjà ń ṣe ọ́ jẹ́jẹ́? Àwa ńlé ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àfi orúnkún tó ń dun ìyá rẹ bí òjò bá ti ṣú. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o rí ìjà ọ̀gá o, àmín.

Mo gbọ́ ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù Akínfẹ́nwá, aládùúgbò wa. Mo ń dá ọ lóhùn, o ò tilẹ̀ dúró, ńṣe lo kàn ń sọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo ti dárí jì ọ́. O ní àlòkù òróró àwọn alákàrà Agége lẹ fi ń ṣe dísẹ̀lì níléeṣẹ́ yín, pé bó bá pẹ́ nínú àgbá, afẹ́fẹ́ á bà á jẹ́, á máa há ẹ́ńjìnnì lọ́fun, pé ewé kajú ló lè dáàbò bò ó. O ní ọ̀gá rẹ ní bí ewé ò bá dé kí oṣù tó parí, kí o palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́. Ta ló bí i dáa! Ọmọ Dàwódù kọ́ ni yóò palẹ̀ ẹrù mọ́.

O ní kí n já ewé náà fún ọ, pé inú ibòòji ni kí n sá a sí. Ibòòji wo ló ju yàrá mi lọ? Mo tẹ́ ewé sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ti fèrèsé pa kí afẹ́fẹ́ yẹn má baà mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà, èmi àti ìyá rẹ wá ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá rẹ ní orí mi ti dàrú, mo ní kó ṣáà máa wò mí.

Àfi bí ewúrẹ́ Akínfẹ́nwá ṣe wọlé nígbà tí mo lọ kírun Jímọ̀, tó jẹ gbogbo ewé, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Háà! Díẹ̀ ló kù kí n sunkún. Ni mo bá rò ó pé bí ewé ò bá sí lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, ṣebí inú ewúrẹ́ ló wà? Mo so ó mọ́lẹ̀. Akínfẹ́nwá ní kí n tú ẹran òun sílẹ̀, mo ní kì í ṣe ẹran mọ́, òògùn dísẹ̀lì ni. Ó ní òun á pè mí lẹ́jọ́ lọ́dọ̀ báálẹ̀, mo ní kó pe ọba mọ́ ọn. Ó ti gba fóònù rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà.

Mo ti gun igi kajú, pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí, mo já òmíràn, mo tún sá a sínú yàrá, ó sì ti gbẹ. Èmi fúnra mi ni mò ń gbé e bọ̀, mi ò fọkàn tán dírẹ́bà kankan. Kí ọ̀gá rẹ gbé àgbá dísẹ̀lì méjì kalẹ̀, kí ẹ da ewé sínú ọ̀kan, kí ẹ so ewúrẹ́ mọ́ ìkejì. Èyí tí kò bá bàjẹ́ nínú méjèèjì, Kùdírátù ló ni ín.

Fi owó ọkọ̀ rán ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá, ti àgbàlagbà kan àti ti ewúrẹ́ kan. Jọ̀ọ́, tètè ṣe é, nítorí ewúrẹ́ yìí ò jẹ koríko mọ́, ilẹ̀kùn yàrá ló ń wò.

Afẹ́fẹ́ tó ń ba epo jẹ́ kò ní rí iṣẹ́ rẹ bà jẹ́ lójú ayé mi. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, Dàwódù, tó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà yàrá ara rẹ̀.