Kí Ló Wà Lápá Òsì?

                                        Yàrá Kọkànlá,
                                        Ilé-ìtura Etí Òkun,
                                        Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Orí kẹ̀kẹ́ ni mo wà láàárọ̀ àná, tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ sí mi lára, nígbà tí ọ̀rọ̀ kan tó ti ń rìn kiri níwájú mi láti bí ọjọ́ mẹ́jọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ẹ̀yin náà lẹ sì kọ́ mi pé ẹni tó ń rojọ́ kó tó kíni, ẹjọ́ rẹ̀ ti wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bínú. Ẹ gbà pé mo ti kúnlẹ̀.

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ẹ̀yìn tó ń dùn yín ńkọ́, ṣé ẹ ti ń fi tìmùtìmù sórí àga tí ẹ fi ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn? Ìyàwó tí ẹ ń rán aṣọ ìgbéyàwó fún ńkọ́, ṣé ó ti dẹ́kun sísanra, àbí ẹ ṣì ń tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Màmá mi wà, àwọn ìbejì wà, oòrùn ti sọ wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Ara tèmi náà le, bí mo tilẹ̀ ń kọ̀wé yìí lórí bẹ́ẹ̀dì bí aláìsàn. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ọ̀rọ̀ bàbá mi, ẹ̀gbọ́n yín, ni mo bá wá.

Ẹ rántí pé èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò ohun tí a óò máa ṣe lójoojúmọ́ ní erékùṣù yìí. Màmá mi ní ohunkóhun tí mo bá kọ, kí n ṣáà má fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ìbejì láti jókòó lásán, torí bí ọmọ ọdún mẹ́fà méjì bá jókòó lásán, nǹkan kan ti fẹ́ fọ́ nìyẹn. Mo kọ ètò náà ní Yorùbá láti òkè délẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. A ti kọ́ ilé oníyanrìn tó ní yàrá mẹ́rin àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn ìbejì ló ní kí ọgbà ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀; wọ́n ní èmi ni wọ́n máa tì mọ́ ọn. A ti wẹ̀ níbi tí òkun kò ti ju orúnkún lọ. A ti wọ ọgbà labalábá, níbi tí ọ̀kan ti bà lé màmá mi nímú, tí wọn kò lè sọ̀rọ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Bàbá mi ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá àwọn di labalábá yẹn lọ sílé.

Bí ẹ bá kó àwọn ọmọ-ọmọ yín wá síbí lọ́jọ́ kan, èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ fò ni ọkọ̀ onígíláàsì. Gíláàsì tó nípọn ni wọ́n fi ṣe ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà. Èèyàn á jókòó, aṣọ rẹ̀ á gbẹ, á sì máa wo ẹja lábẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bi atukọ̀ pé, "Ṣé àwọn ẹja náà ń wo ìdí wa ni?" Atukọ̀ rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì. Inú ọkọ̀ yẹn ni bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní, "Ìbéèrè, ìwọ lo máa ń bi wá, ó kan èmi náà lónìí. Kí ló wà lápá òsì?" Ẹ kò ní gbàgbé pé ìnagijẹ tí wọ́n fún mi nìyẹn látìgbà tí mo ti dé láti ilé-ìwé òkèèrè, tí mò ń béèrè orúkọ gbogbo nǹkan, títí dórí ìdérí ìkòkò.

Mo ní ẹja pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀, ó ní ìlà dúdú àti funfun, ó ká ẹnu jọ bí ẹni tó ń súfèé. Wọ́n ní, "Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Lápá ọ̀tún ńkọ́?" Bí a ṣe ń ṣe é títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí a fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, atukọ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Látọjọ́ náà, ibi gbogbo ni. Nínú ọgbà labalábá, létí òkun, nídìí oúnjẹ: kí ló wà lápá òsì? Àǹtí mi, inú mi dùn débi pé mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wà nílé-ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ti bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo ní èdè yìí. Bàbá tó jẹ́ pé agogo márùn-ún ìdájí ni wọ́n máa ń gbé bọ́ọ̀sì ilé-ìwé jáde, tí wọn kò ráyè mi nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn ló wá jókòó tì mí, tí wọ́n ń fún mi ní máàkì. Mo ní ìwé kékeré kan tí mò ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ tuntun sí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

Àná ló wá kan kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, irú èyí tó ní ìbòrí, tó sì ń gba odidi ìdílé. Bàbá mi di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, mo jókòó sí òsì wọn, màmá mi àti àwọn ìbejì wà lẹ́yìn, wọ́n ń kọrin. Kí ló wà lápá òsì? Mo ní igi àgbọn ni, àti ọkùnrin kan tó fi ìwé ìròyìn bojú tó ń sùn, àti ìyá kan tó ń ti ọmọ rẹ̀ bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ-ọwọ́. Ìgbà tí mo pe ìyá yẹn tán ni bàbá mi tó tẹ bíréèkì, táyà wa sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kẹ̀kẹ́ ọmọ náà. Obìnrin náà kò já lójijì o. Láti ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀, fìlà orí rẹ̀ sì pupa fòò. Mo ní nínú ọkàn mi pé afọ́jú nìkan ni kò ní rí fìlà yìí. Lẹ́yìn náà ni mo wá gbọ́ ohun tí mo rò.

"Bàbá, ṣé ojú yín fọ́ ni?" Obìnrin náà ló pariwo bẹ́ẹ̀.

"Ẹ má bínú, ìyá ọmọ. Ẹwà yín ló fọ́ ọ."

"Bàbá ìbejì!" Màmá mi dáhùn láti ẹ̀yìn. "Níṣojú mi níbí?"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, títí kan obìnrin náà. Èmi ń wo ọwọ́ bàbá mi lórí kẹ̀kẹ́. Kò tíì fi bíréèkì sílẹ̀.

Nǹkan wá ń to ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lójú mi. Ife tí bàbá mi máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ gbá dànù lórí tábìlì. Èjìká òsì wọn tó ti bó nítorí férémù ilẹ̀kùn. Bọ́ọ̀lù tí àwọn ìbejì ń jù sí wọn láti ẹ̀gbẹ́ tí wọn kì í rí mú, tí wọ́n á ní àwọn ń jẹ́ kí ọmọdé jẹ ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a lọ tú àwọn ọmọ ìjàpá òkun sílẹ̀ náà wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n á gbé ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ọmọ náà á sì gbé e sórí yanrìn kó máa rá lọ sínú òkun fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń mú wa kiri ní kí gbogbo wa máa wolẹ̀ kí a má baà tẹ ọ̀kankan pa. Bàbá mi dúró gbagidi bí òpó. Wọ́n ní, "Ẹ fi mí síbí, ẹsẹ̀ mi ti tóbi jù." A fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi délé. Àṣé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Wọn kò rí ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ara wọn.

Lọ́sàn-án, nígbà tí màmá mi kó àwọn ìbejì lọ ra áísìkiriìmù, mo lọ jókòó sí òsì bàbá mi lórí yanrìn. Mo na ìka mẹ́ta sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn, mo ń sún un bọ̀ níwájú díẹ̀díẹ̀. Òkun ni wọ́n ń wò. Ìka náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé imú wọn kí wọ́n tó ní, "Kí lò ń ṣe yẹn?" Mi ò gbé e kúrò. Wọ́n wo ìka náà, wọ́n wo ojú mi, ó sì yé wọn.

Wọ́n wá sọ pé ó ti tó oṣù mẹ́jọ. Kì í dùn wọ́n. Iwájú ṣì mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń ṣú, pàápàá òsì. Wọ́n ní ó dà bí ẹni tó ń wo ayé láti inú páìpù. Wọ́n ti lọ rí dókítà ojú lẹ́ẹ̀kan. Ó fún wọn ní òògùn tí wọ́n ń kán sójú, inú báàgì abẹ ìfárùngbọ̀n wọn ni wọ́n sì ń fi í pamọ́ sí. Dókítà ní kí wọ́n má wa bọ́ọ̀sì mọ́, kí wọ́n sì padà wá kí òun lè gba ìyókù là, nítorí èyí tó ti lọ ti lọ. Wọn kò padà lọ. Wọ́n ní bí àwọn bá padà, ìwé yóò dé iléeṣẹ́ ọkọ̀ tí àwọn ń bá ṣiṣẹ́.

"Ọdún mọ́kànlélógún, mi ò tẹ adìyẹ pa rí," ni wọ́n wí. "Ọdún kan péré ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Bọ́ọ̀sì yẹn mọ ọ̀nà jù mí lọ."

Mo bi wọ́n bóyá èdè ni wọ́n ń kọ́ mi ni, àbí ojú mi ni wọ́n ń yá lò. Wọ́n ní, "Méjèèjì ni, ọmọ mi. Mo fẹ́ rí òkun pẹ̀lú gbogbo yín kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi. Ìwọ lo fi ẹnu ṣí i fún mi."

Wọ́n wá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní màmá mi kò gbọdọ̀ gbọ́. Wọ́n ní ṣé èmi náà fẹ́ kí àwọn di ẹni tí à ń fà kiri bíi bàbá àwọn. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi bí bàbá àgbà ṣe fọ́jú, tó jẹ́ pé bàbá mi ló ń fà wọ́n lọ́wọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo rò pé ìtàn àtijọ́ ni, mi ò mọ̀ pé ó ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Mo ní ẹnu mi kọ́ ni wọn yóò ti gbọ́ pé ìyá ọba lájẹ̀ẹ́. Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rò ó.

Ètò tòní ni kí a háyà mọ́tò, kí bàbá mi wà wá lọ sí òdìkejì erékùṣù, níbi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta. Etí òkè ni ọ̀nà náà gbà, òkun sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, lápá òsì. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sínú ètò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo di ikùn mú, mo ní inú ń run mí, mi ò lè dìde. Àwọn ìbejì sunkún. Màmá mi ní, "Irú kí lèyí? Ìwọ lo kọ ètò, ìwọ náà lo tún bà á jẹ́!" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bàbá mi ló gbé omi gbígbóná wá fún mi. Wọn kò béèrè ibi tó ń dùn mí. Wọ́n kàn rọra fún àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì jáde. Èjìká wọn tún kan férémù ilẹ̀kùn bí wọ́n ṣe ń lọ.

Inú rírun lè gbà wá lọ́wọ́ mọ́tò ọjọ́ kan. Kò lè gbà wá lọ́wọ́ Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, tí ilé-ìwé máa wọlé. Ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi ń fi bọ́ọ̀sì kó. Àwọn ìbejì wà nínú wọn. Ọmọdé kì í sì í gba iwájú yọ sí ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń gbà, tàwọn ti báàgì lẹ́yìn. Bí mo bá sọ fún màmá mi, ẹyin lohùn, kò ní ṣeé kó mọ́. Ìwé ẹ̀yẹ tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ fún bàbá mi, tí màmá mi ń nù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ní pálọ̀, ta ni yóò tún lè wò ó? Bàbá mi lè má pè mí ní Ìbéèrè mọ́ láéláé. Bí mo bá sì dákẹ́... Àǹtí mi, mi ò lè parí gbólóhùn yẹn.

Mi ò pè yín lórí fóònù nítorí ògiri yàrá yìí fẹ́lẹ́ bíi páálí, màmá mi sì máa ń gba fóònù lọ́wọ́ mi láti bá yín ṣàwàdà. Ilé ni kí ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí. Ọ̀túnla la ń padà. Ohun kan tún kù. Dókítà ní àrùn náà máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yẹ ojú yín wò, ẹ̀yin tó jẹ́ pé ojú abẹ́rẹ́ lẹ fi ń jẹun. Ẹ má sọ fún mi pé ọwọ́ yín dí. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ, ẹ sì bá mi kí ìyàwó tó ń sanra.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, bàbá mi ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, àwọn ìbejì ń sáré lórí yanrìn nísàlẹ̀. Bàbá mi ń pè mí, wọ́n ní bí inú bá ti fi mí sílẹ̀, kí n wá sọ ohun tó wà lápá òsì fún àwọn. Mo máa lọ. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì, ta ni yóò máa sọ ọ́ fún wọn? Ẹ̀yin nìkan ni mo rí tí ẹ̀gbọ́n yín ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ṣé kí n sọ fún màmá mi kí Mọ́ńdè yẹn tó dé, àbí kí n dúró kí ẹ kọ́kọ́ wá bá bàbá mi sọ̀rọ̀? Báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí mi ò fi ní dalẹ̀ bàbá mi, tí mi ò sì ní dalẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ẹ sì tètè kọ ọ́.

                                        Èmi ni ọmọ yín tó ń wo ojú ọ̀nà,
                                        Ìbéèrè.